Ẹ Fi Fóònù Yín Ya Dọ́fìnì Etíkun Èkó

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ọbáníkòró tó ń gbé ní Aberdeen bá wa sọ níbi ìpàdé òpin ọdún. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò lè wá.)

Alága wa, ẹ ní kí n má lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Màá gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọmọ Ọbáníkòró ni mí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tètè tán lẹ́nu wa.

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ẹranko omi kan tí òyìnbó ń pè ní dolphin. Dọ́fìnì ni èmi máa pè é títí màá fi jókòó. Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní gọ́tà wa ò tíì ṣe, tiransifọ́mà wà níbẹ̀ tó ń retí owó, eléyìí ti Scotland dé, ó wá ń sọ̀rọ̀ ẹja. Ẹ rọra gbọ́ mi ná. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kò ju owó ọkọ̀ lọ. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yìí náà ló máa ṣe é. Ẹranko tí mò ń wí yìí sì ti kéré débi pé, bí àwa tí a wà létí òkun ò bá tètè wá a, ẹnikẹ́ni ò ní bá wa wá a.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Dọ́fìnì ń gbé inú omi, ó ní lẹbẹ, ó ní ìrù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bíbélì, ẹ rántí ọ̀rọ̀ lẹbẹ àti ìpẹ́: eléyìí ní lẹbẹ, kò ní ìpẹ́ kankan. Ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí bíi tèmi tiyín, ihò imú rẹ̀ sì wà lórí àtàrí, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ máa yọ sójú omi kó tó lè mí. Ó ń lóyún, ó ń bí ọmọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń fún un lọ́mú. Mọ̀lẹ́bí àbùùbùtán ni. Èyí tí àwọ̀n bá dè mọ́ abẹ́ omi, tí kò lè yọrí, àìrí afẹ́fẹ́ mí ló ń pa á, bó ṣe máa pa ènìyàn gan-an.

Oríṣiríṣi ni dọ́fìnì. Èyí tí ẹ máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń fò sókè, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọdé, ìyẹn pọ̀ káàkiri ayé. Tiwa yàtọ̀. Ó ní iké lẹ́yìn, lẹbẹ kékeré kan wá jókòó lórí iké náà bí ìgbà tí ènìyàn gbé fìlà lé orí. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Sousa teuszii; òyìnbó ń pè é ní Atlantic humpback dolphin. Èmi ń pè é ní dọ́fìnì abuké, kì í ṣe èébú o. Ojú máa ń tì í. Kì í sáré tẹ̀lé ọkọ̀, kì í ṣe fọ́ńté, ó máa ń yọ jẹ́ẹ́jẹ́, ó mí, ó sì tún wọlé. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ máa rò pé ìgbì omi lásán ni òun rí.

Ìtàn bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé dùn mọ́ mi. Ní 1892, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Willy Kükenthal, rí agbárí rẹ̀ kan gbà láti Kamẹrúùnù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Teusz ló fi ránṣẹ́, ibẹ̀ ni orúkọ teuszii ti wá. Wọ́n sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé ewé àti koríko ni wọ́n bá níkùn ẹranko náà, ló bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé dọ́fìnì tó ń jẹ ewé ni. Ó pẹ́ kí ayé tó mọ̀ pé ẹja ló ń jẹ bíi ti àwọn ẹbí rẹ̀ yòókù. Jámánì ni bàbá yẹn jókòó sí, kò rí dọ́fìnì náà láàyè rí, ó ń kọ̀wé nípa oúnjẹ rẹ̀. Ṣebí apẹja kan ṣoṣo létí òkun Kamẹrúùnù ni wọn ì bá bi léèrè, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán! Láti ìgbà yẹn títí di òní, ìmọ̀ nípa ẹranko yìí ò kúrò lórí nǹkan kan: àwọn tó ń kọ̀wé wà lókèèrè, àwọn tó ń rí i lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n.

Kò sí níbòmíràn láyé àfi etíkun Áfíríkà tiwa yìí, láti Western Sahara títí dé Àǹgólà. Gbogbo èyí tó ṣẹ́kù lójú ọ̀nà jíjìn yẹn, àwọn onímọ̀ ní ó ṣeé ṣe kó má tó 3,000. Ẹ kó gbogbo wọn wọ pápá Teslim Balogun ní Sùúrùlérè, tó ń gba èrò tó lé ní 20,000, àga tó ṣófo ni ẹ máa rí lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ní 2017, IUCN, ìyẹn àjọ tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó ń parun láyé, gbé e sí ìpele Critically Endangered. Bí wọ́n bá tún gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ ni pé kò sí i mọ́ níbi tí Ọlọ́run fi í sí.

Kì í lọ sí ibú òkun. Ibi tí omi ò ti jìn, nítòsí iyanrìn, lẹ́nu odò, ibẹ̀ ló fẹ́ràn. Ìyẹn gan-an ló kó bá a, torí ibẹ̀ náà ni àwa náà fẹ́ràn. Ibẹ̀ ni àwọn apẹja ń ta àwọ̀n sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń wa iyanrìn, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ èbúté sí. Èbúté Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní January 2023, ẹ wo ibi tó wà. Mi ò sọ pé kí wọ́n má kọ́ èbúté o, ọ̀pọ̀ wa níbí ló ń jẹun níbi iṣẹ́ ẹrù gbígbé. Ṣùgbọ́n bí dọ́fìnì yìí ṣe ń gbé nítòsí ilẹ̀ yẹn náà ló mú kí ọ̀rọ̀ mi ṣeé ṣe: ẹni tó dúró lórí iyanrìn, tí kò ní ọkọ̀ ojú omi, tí kò mọ omi wẹ̀, lè rí i, ó sì lè yà á.

Ẹ máa ní, kí ni fọ́tò máa ṣe fún un? Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Láyé àtijọ́, bí o bá rí ẹni tó kọ àbàjà tàbí pélé, kó tó lanu sọ̀rọ̀ lo ti mọ ibi tó ti wá. Dọ́fìnì náà ń kọ ilà, àmọ́ kò sí olóólà tó kọ ọ́ fún un. Lẹbẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn, etí rẹ̀ máa ń ya díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń dàgbà: eyín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gé e níbí, okùn àwọ̀n á já a lọ́hùn-ún, ọkọ̀ á ha á lára. Ibi tó gé yẹn kì í hù padà. Nítorí náà, bí ẹ bá ya lẹbẹ ẹ̀yìn dọ́fìnì dáadáa, ìdánimọ̀ rẹ̀ lẹ gbà yẹn, bíi NIN. Bí ẹlòmíràn bá ya dọ́fìnì náà ní Badagry lọ́dún tó ń bọ̀, a ó mọ̀ pé òun náà ni.

Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní a jáde lóṣù yìí, a ya ogún dọ́fìnì. Lóṣù tó ń bọ̀ a tún ya ogún, a wá rí i pé mẹ́wàá nínú ogún ìkejì yìí wà nínú èyí tí a kọ́kọ́ yà. Ó túmọ̀ sí pé èyí tí a kọ́kọ́ yà jẹ́ ìdajì gbogbo wọn, gbogbo wọn á sì tó bí ogójì. Ẹ ò mú ẹyọ kan, ẹ ò fọwọ́ kan án, ẹ sì ti ka iye rẹ̀. Wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ ìdánimọ̀ báyìí ní Sarasota, ní Florida, láti 1970. Ní Scotland níbi tí mò ń gbé, Yunifásítì Aberdeen ti ń ṣe é láti 1989 ní abúlé etíkun kan tó ń jẹ́ Cromarty, wọ́n sì mọ dọ́fìnì tó lé ní igba ní orúkọ ní orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan nínú wọn fún yín. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Porridge, ìyẹn ẹ̀kọ àwọn ará Scotland. Nígbà tó bímọ, wọ́n sọ ọmọ náà ní Spirtle. Kí ni spirtle? Orógùn ni! Igi tí wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ náà. Ẹ rí i pé àwọn náà mọ orúkọ sọ. Ní 2016 omi fà sẹ́yìn, ó fi Spirtle sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀, oòrùn bó o lára, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan di egbò. Àwọn kan tó ń rìn kọjá ló rí i, wọ́n pe àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n dá a padà sómi. Ọ̀pọ̀ ló rò pé kò ní pẹ́ kú. Àpá náà tóbi débi pé kò sí ẹni tó lè ṣì í mọ̀. Ní 2019, wọ́n rí i ní Ireland, lórílẹ̀-èdè mìíràn, lódìkejì òkun. Fọ́tò ló fi hàn. Ká ní kò sí fọ́tò ni, àwọn ará Cromarty á ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti kú.

Àwọn tó ń ya púpọ̀ nínú fọ́tò wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, dírẹ́fà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ náà wà níbẹ̀. Ní Aberdeen, lẹ́nu èbúté níbi tí ọkọ̀ elépo ń gbà wọlé, odi ogun àtijọ́ kan wà tó ń jẹ́ Torry Battery. Lórí òkè yẹn ni a máa ń dúró sí nínú òtútù, pẹ̀lú fíláàsì tíì, tí a ń wo omi. Nàìjíríà pọ̀ ní Aberdeen nítorí iṣẹ́ epo àti nítorí yunifásítì, àmọ́ àwa Nàìjíríà tó ń wá síbẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ kan lọ. Àwọn ará wa ní àwọn ò lè torí dọ́fìnì kó àìsàn òtútù.

Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀, Whale and Dolphin Conservation, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2005 tí wọ́n ń pè ní Shorewatch. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò yẹn ni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n fi ń wo omi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró, ẹ wo omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Bí ẹ ò bá sì rí nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò rí nǹkan kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, mo ní kí ni èrè òfo? Wọ́n ní bí a ò bá mọ ọjọ́ tí a wò tí a ò rí i, báwo la ṣe máa mọ ibi tó fẹ́ràn àti ibi tó ti sá kúrò? Yunifásítì St Andrews náà ní tiwọn, Citizen Fins, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ya dọ́fìnì létíkun ti lè fi fọ́tò ránṣẹ́ kí wọ́n fi wé àwọn tó wà nílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Ní 2014 ni wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé dọ́fìnì abuké wà lómi orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n rí ẹ̀rí rẹ̀ tó dájú ni èyí tí àwọn apẹja mú ní agbègbè erékùṣù Brass ní Bayelsa, ìwé rẹ̀ jáde ní 2017. Ẹ gbé máàpù wá. Benin wà lápá ọ̀tún bí ẹ bá dojú kọ òkun, Brass wà lápá òsì. Kí ló wà láàárín? Badagry ni, Tarkwa Bay ni, Lẹ́kí ni, Elékò ni, Orímẹ́dù ni, títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Àwa la wà láàárín! Nínú máàpù àwọn onímọ̀, ibẹ̀ ṣófo. Kì í ṣe pé wọ́n wò tí wọn ò rí nǹkan kan o. Àìwò ni. Etíkun ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó lérò jù ní Áfíríkà, fóònù tó ní kámẹ́rà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ọmọ ń ya ara rẹ̀ ní Elégúṣì láti àárọ̀ dalẹ́, tó bá ku díẹ̀ kó yí kámẹ́rà sápá òkun, á ní bátìrì ti kú.

Àgbà wa kan béèrè lọ́wọ́ mi lánàá pé ṣé ebi dọ́fìnì ló kàn. Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn tó ń mú dọ́fìnì yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹja ni wọ́n ń wá, dọ́fìnì kó sínú àwọ̀n wọn, ó ba àwọ̀n jẹ́, owó àwọ̀n sì wọ́n. Ẹni tó pàdánù àwọ̀n ní láti rí nǹkan tà, ló bá gé e, ló yan án, ló tà á. Ẹran òkun ti wá di ọjà báyìí káàkiri etíkun wa, nítorí ẹja fúnra rẹ̀ ti dínkù. Ẹja yíyan tí à ń rà ní Bàrígà, tí àwọn ìyá wa ń lọ gbé ní Àṣéjẹ́rẹ́ ní Makoko, ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣì tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀. Òfin Nàìjíríà ní ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n ò gbọ́dọ̀ pẹja nínú máìlì òkun márùn-ún tó sún mọ́ ilẹ̀, torí ti àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré nibẹ̀. Ṣé wọ́n ń tẹ̀ lé e? Ẹni tó bá dúró létíkun pẹ̀lú kámẹ́rà láti wo dọ́fìnì, ọkọ̀ tó bá rú òfin yẹn nítòsí ilẹ̀, á rí òun náà. Ebi apẹja àti ikú dọ́fìnì, ojú kan náà ni wọ́n ti ń wá. Èmi ò mọ bí ènìyàn ṣe lè yanjú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀.

Ní Mauritania lọ́hùn-ún, àwọn apẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní Imragen. Láyé àtijọ́, bí ẹja tí òyìnbó ń pè ní mullet bá ń kọjá, wọ́n á fi igi lu omi, dọ́fìnì á wá láti ẹ̀yìn, á máa lé ẹja bọ̀ sápá ilẹ̀, àwọn ènìyàn á na àwọ̀n dúró dè é. Dọ́fìnì jẹ tiẹ̀, apẹja kó tiẹ̀. Dọ́fìnì abuké wà nínú àwọn tó máa ń bá wọn ṣiṣẹ́ yẹn nígbà náà. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn apẹja tí ẹ bá mọ̀, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí àwọn náà máa sọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní ìtàn tó ju ìyẹn lọ.

Ní báyìí, bí ẹ ṣe máa yà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sílẹ̀, ibí ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jáde láàárọ̀ kùtùkùtù kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru omi sókè. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ẹ wá ibi tó ga díẹ̀, òkìtì iyanrìn tàbí òkúta tí wọ́n kó dí omi, kí ẹ lè rí ọ̀nà jíjìn. Bí ẹ bá rí nǹkan dúdú tó yọ tó sì wọlé, ẹ má tíì pariwo. Ẹ ka iye tí ẹ rò pé wọ́n jẹ́. Ẹ ya púpọ̀, ẹ má ya ẹyọ kan. Lẹbẹ ẹ̀yìn ni ẹ ń wá, láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú tàbí ẹ̀yìn, bó bá sì ṣeé ṣe kí ẹ ya apá òsì àti apá ọ̀tún. Fóònù lásán lè má fún yín ní etí lẹbẹ tó mọ́ bí ó bá jìnnà, ṣùgbọ́n ó máa tó láti fi mọ̀ bóyá abuké ni tàbí òmíràn, ìyẹn nìkan ti tóbi. Àwọn fọ́tógíráfà ìnáwó tó wà láàárín wa, ẹ̀yin tí ẹ ní lẹ́ǹsì gígùn tí ẹ fi ń ya ìyàwó láti òpin gbọ̀ngán, ẹ̀yin ni mò ń wò. Ọjọ́ Sátidé tí òde ò bá sí, ẹ bá wa lọ.

Ẹ tan lokéṣọ̀n fóònù yín kí ẹ tó yà á, kí ibi àti àkókò lè wà nínú fọ́tò náà. Ẹ má gé e, ẹ má fi fíltà sí i. Ohun kan tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù nìyí, ẹ̀yin ará WhatsApp: bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bí a ṣe máa ń fi ránṣẹ́ lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, á sì yọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á kúrò. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. Ẹ tẹ ibi tí ẹ máa ń tẹ̀ láti fi PDF ránṣẹ́, kí ẹ wá mú fọ́tò náà láti ibẹ̀. Ẹ wá kọ sí abẹ́ rẹ̀: ọjọ́, aago, bíìṣì wo, mélòó, ibo ni wọ́n dorí kọ.

Bí ẹ bá bá òkú rẹ̀ létíkun, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́. Àìsàn lè wà lára rẹ̀. Ẹ ya gbogbo ara rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ya orí, ẹ ya eyín, ẹ ya lẹbẹ ẹ̀yìn, kí ẹ fi sílípáàsì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó. Bó bá ṣì ń mí, ẹ da omi sí i lára, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí omi wọ ihò tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì lé àwọn tó fẹ́ ya ara wọn pẹ̀lú rẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ má wọ omi. Mo tún un sọ fún ẹ̀yin òbí tó wà níbí: iṣẹ́ yìí ò ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni wọ omi. Òkun Èkó ń fà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá nìkan lọ, ẹ sì mú fóònù mọ́wọ́ dáadáa, torí dọ́fìnì nìkan kọ́ ló ń yọ lójijì níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn apẹja ló kù, òun ni mo gbà pé ó le jù. Òfin ló dáàbò bo ẹranko yìí. Àdéhùn àgbáyé CITES tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí sì gbé e sí ìpele àkọ́kọ́, tó túmọ̀ sí pé kò gbọ́dọ̀ di ọjà tí wọ́n ń tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Nítorí náà, bí apẹja bá rí ẹ̀yin ọmọ Ọbáníkòró pẹ̀lú kámẹ́rà, ohun tó máa kọ́kọ́ rò ni pé ẹ wá fi òun sùn ni. Ọjọ́ tó bá rò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ parí. Kò ní fi nǹkan kan hàn yín mọ́, òkú dọ́fìnì á máa di ẹran lálẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Torí náà, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa fẹnu kò lórí èyí kí ẹnikẹ́ni tó jáde: a ò ní ya ojú apẹja kankan, a ò ní ya nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, a ò sì ní kọ orúkọ wọn sílẹ̀ àfi bí wọ́n bá ní ká kọ ọ́. Ẹni tó bá ṣe é, tó gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì, kí a yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ó le jù. Kò le jù. Ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn ará Ìlàjẹ tó wà ní etí omi Bàrígà ju kámẹ́rà mẹ́wàá lọ. Àwọn kan nínú wọn ń lọ sókun gidi, wọ́n ní ẹbí láti Ayétòrò títí dé Badagry. Ẹ kí wọn bí a ṣe ń kí àgbà, ẹ jókòó, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ẹranko náà lédè wọn, kí a kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò.

Bákan náà, bí ẹ bá rí agbo dọ́fìnì, ẹ má kọ ibi tí ẹ ti rí i sójú gbàgede. Àwọn tí a máa yàn ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Àwọn náà á fi ránṣẹ́ sí CCAHD, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 nítorí dọ́fìnì abuké nìkan, tí wọ́n sì ń gba ìròyìn láti gbogbo etíkun wa. A tún lè mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ bá àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkun ní UNILAG ní Akọ́kà, tó jẹ́ pé ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti Bàrígà, àti NIOMR, ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun ìjọba àpapọ̀ ní Victoria Island.

Mo ti bá àwọn bíi mélòó kan nínú àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú sọ̀rọ̀. A fẹ́ káàdì kan tí omi ò ní bàjẹ́, tí àwòrán dọ́fìnì abuké wà lójú kan pẹ̀lú ti oníbéèké gígùn tó sábà máa ń fò, kí ènìyàn lè fi wọ́n wéra, tí àlàyé sì wà lẹ́yìn ní Yorùbá, ní Ègùn àti ní Pidgin. Ẹnì kan ti ní òun á gé owó rẹ̀ sí ìdajì. Ìdajì yòókù, èmi á san fún igba káàdì àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Ègùn dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká fi Google ṣe é.

Sátidé kejì nínú January ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ jáde, kí n tó padà. Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù Ọbáníkòró, a ó wọ BRT lọ CMS, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Tarkwa Bay pẹ̀lú lifejáckẹ́ẹ̀tì lára oníkálùkù, a ó sì padà kí oòrùn tó mú. Ẹni mẹ́jọ ló ti fi orúkọ sílẹ̀. Ààyè ẹni méjìlá ló wà nínú ọkọ̀ tí mo bá sọ̀rọ̀. Akọ̀wé wa ló wà níwájú yẹn pẹ̀lú ìwé, ẹ lọ bá a kí ẹ tó lọ jẹ ìrẹsì.